Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀gbọ́n

Ilé Kẹ́hìndé ti sún kúrò nípò rẹ̀ kí Ìbídùn tó fò bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan ti ilé aládùúgbò sẹ́yìn, ó ju okùn mọ́ òpó, ó fà á le, omi sì ń lu abẹ́ pákó bí ẹni pé ó fẹ́ wọlé. Nínú ilé, Kẹ́hìndé, ìyá àgbà tó ni ín, jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé ife tíì lé itan, kò sí ìdààmú kankan lójú rẹ̀.

"Ó tún ti dákẹ́, àbí?"

Ìbídùn ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá náà ná, kó tó wá kúnlẹ̀ ti àpótí ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ẹní. Iná aláwọ̀ ewé tó máa ń ṣẹ́jú lójú àpótí náà dúró gbagidi, kò ṣẹ́jú mọ́, kò sì kú. Ó tẹ bọ́tìnnì pé kí ẹ̀rọ náà sùn kó sì tún jí. Nígbà tó ṣe, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ilé tó yí i ká, wọ́n dá a lóhùn, àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì rọra gbé e padà sí àyè rẹ̀.

Ní ìlú Orí-Omi, níbi tí gbogbo ilé ti ń léfòó láti ìgbà tí òkun ti gba etíkun, ilé tí kò bá kí aládùúgbò rẹ̀ kò ní mọ ibi tí aládùúgbò náà wà. Ìgbì á gbé e, á sì lọ fi í lu ẹni ẹlẹ́ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ló lọ kọlu ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ kan, láti ọjọ́ náà sì ni òfin ti dé pé ìdákẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò tan iná pupa kan lókè ilẹ̀kùn.

Ìbídùn gbójú sókè wo òkè ilẹ̀kùn. Iná pupa kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìkejì ti tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí. Bí ìkẹta bá fi lè tàn, ọkọ̀ ńlá tí àwọn ará ìlú ń pè ní Gbénilọ yóò dìde ní èbúté fúnra rẹ̀, láìsí awakọ̀, yóò wá wọ́ ilé náà lọ, yóò sì gbé onílé lọ sí Ilé Ìsinmi ní Òkè. Ibi tí ibùsùn bá ti ṣófo ni wọ́n ń gbé èèyàn sí níbẹ̀. Wọn kì í béèrè ẹni tó bí ọ tàbí ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú rẹ.

Ìyẹn gan-an ló ń dun Ìbídùn jù, nítorí ní òdìkejì omi, lójú ibi tí fèrèsé Kẹ́hìndé kọjú sí, ilé Táyé náà ní iná pupa méjì lókè ilẹ̀kùn. Ìbejì ni àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí. Oníkálukú ń gbé ilé tó ti bí àwọn ọmọ rẹ̀, ọkọ wọn ti kú, ẹsẹ̀ Táyé kò sì gba ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ìgbà tí ilé ọ̀kan bá dákẹ́, ìgbà náà gan-an ni ti èkejì máa ń dákẹ́. Ìgbìmọ̀ Ìdákẹ́, tó ń dájọ́ ilé tó bá dákẹ́, sì ti sọ ọ́ jáde pé àwọn ìyá méjèèjì ló ń mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹ̀rọ wọn nítorí ariwo rẹ̀. Ó hàn pé àwọn tó sọ ọ́ kò rí Kẹ́hìndé rí, obìnrin tó máa ń bẹ ẹ̀rọ pé kó má bínú kó tó nu eruku ojú rẹ̀.

Iṣẹ́ Ìbídùn ni láti wá àléébù inú kókó. Kókó ni wọ́n ń pe ohun tó jinlẹ̀ jù nínú ẹ̀rọ, èyí tó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé láti ilé mìíràn, tó sì ń rán ọ̀rọ̀ jáde. Kókó kan náà ló wà nínú gbogbo ilé tó wà nílùú. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, nítorí náà ibi tó rọrùn ló ti bẹ̀rẹ̀: ó kọ́ ìlú kékeré kan sínú ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ọ̀pọ̀ onílé tí kò sí láyé sínú rẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn máa pe ara wọn lọ́sàn-án àti lóru. Kò sí èyí tó dákẹ́ nínú wọn. Ó tún fi ojú sínú kókó ilé Kẹ́hìndé, èyí tí yóò máa sọ gbogbo ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àárọ̀ tí ojú náà fi wà níbẹ̀, ilé kò dákẹ́ rárá. Ó yọ ojú náà kúrò, ilé dákẹ́. Àléébù náà dà bí ọmọ tó ń da ilé rú, tó sì máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìbídùn kò fẹ́ràn kí ẹ̀rọ máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, inú sì ti ń bí i.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣọ̀kàn, ti fún un ní ọ̀nà àbùjá kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyá tirẹ̀ wà ní Òkè, kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní ìgbà tí àwọn ìyá wọ̀nyí bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìkan ni ilé wọn ń dákẹ́, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Kí Ìbídùn dí ọ̀nà àárín ilé méjèèjì, kí ó parí. Wọn yóò máa gbé ilé wọn lọ, Gbénilọ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé. Àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ló máa fi tẹ̀ ẹ́.

Ìbídùn kò lè parọ́ fún ara rẹ̀: ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó tilẹ̀ ti gbé àṣẹ náà wá nínú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Kẹ́hìndé, ó ṣàlàyé ohun tí ọ̀gá wí, ó sì ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń ṣàlàyé.

Kẹ́hìndé gbé ife sílẹ̀.

"Tí mi ò bá gbọ́ ohùn wọn láàárọ̀, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé mo ti jí?"

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò fi bẹ Ìbídùn, kò sì fi bá a jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú gbólóhùn náà tó há sí Ìbídùn létí, ó sì béèrè ìdí tí màmá fi ń pe Màmá Táyé ní "wọn", nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn.

Kẹ́hìndé wò ó bí ẹni tó béèrè ìdí tí omi fi tutù. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dáyé, òun tẹ̀lé wọn ni. Ìbídùn ní ohun tí wọ́n kọ́ òun nílé ni pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán Táyé ṣíwájú kó lọ tọ́ ayé wò.

"Ohun tí àwọn náà ń sọ nìyẹn," ni Kẹ́hìndé wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní èmi ni mo rán àwọn níṣẹ́. Ta ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ iṣẹ́ tí mo rán?"

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn nìyẹn. Kẹ́hìndé ní láti ìgbà tí àwọn ti ń sùn lórí ẹní kan náà ni àwọn ti ń du ìkíni. Àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n, olúkúlùkù àwọn sì gbà pé òun ni àbúrò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí á ti wà lórí ìkúnlẹ̀, á máa dúró de kí èkejì lajú. Ìyá àwọn á bá àwọn níbẹ̀ láàárọ̀, ọ̀kan á máa sunkún pé wọ́n ti kí òun ṣíwájú. Nísinsìnyí tí omi wà láàárín, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pe ẹnì kejì kí fèrè òwúrọ̀ ìlú tó dún, nítorí ojúsàájú ni ìyẹn yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí fèrè bá ti bú sẹ́nu báyìí, wàràwàrà ni àwọn méjèèjì ń tẹ ẹ̀rọ.

"Lẹ́ẹ̀kan náà, mà?"

"Lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n ṣíwájú mi ni?"

Ìbídùn dìde. Ó kúnlẹ̀ padà ti àpótí, ó ṣí kókó, ó sì ń wá ojú ibì kan tó ti kà kọjá láìmọye ìgbà.

Nínú kókó, ọwọ́ púpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ tó bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ láti ilé kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ di kọ́kọ́rọ́ ilé méjèèjì mú ná, kí ọwọ́ mìíràn má baà da ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Àwọn tó kọ́ kókó gbọ́n. Wọ́n mọ̀ pé bí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bá ń mú kọ́kọ́rọ́ tó bá wù ú ṣíwájú, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀kan á di tibí mú, tí èkejì á di tọ̀hún mú, tí wọ́n á sì máa dúró de ara wọn títí ayé. Wọ́n wá fi àṣà ilé ṣe òfin: kọ́kọ́rọ́ onílé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni kí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ mú, kó tó mú ti àbúrò.

Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì ló kọ ọ́. Ẹni tó kọ apá tó ń peni lọ wo wákàtí tí wọ́n bí onílé, ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí ni ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó kọ apá tó ń gba ìpè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, àfi pé ó fi ìlà kan kún un: bí wọ́n bá jẹ́ ìbejì, èyí tó dé kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn, ilé tí wọ́n ti kọ́ oníkálukú ló yàtọ̀. Lórí gbogbo èèyàn tó kù nílùú, apá méjèèjì fohùn ṣọ̀kan. Lórí ìbejì nìkan ni wọ́n ti yapa. Ìbejì pọ̀ nílùú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé àwọn méjèèjì pe ara wọn ní ìṣẹ́jú ojú kan náà kí ọwọ́ tó ń peni àti ọwọ́ tó ń gbani tó lè pàdé. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn ìyá méjì tó ń du ìkíni ni, láràárọ̀, bí fèrè bá ti dún. Àwọn onílé tí Ìbídùn fi sínú ìlú kékeré rẹ̀ kò dákẹ́ rí, nítorí kò rántí bí ìbejì kankan síbẹ̀. Ó gbá ara rẹ̀ níwájú orí.

Mímọ̀ ọ́n kò tíì tó. Ìgbìmọ̀ Ìdákẹ́ kì í gba ẹ̀rí tí a bá rí níbi iṣẹ́, láti ìgbà tí ẹnì kan ti hùmọ̀ ẹ̀rí èké kí wọ́n má baà gbé bàbá rẹ̀ lọ. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti inú ilé tó dákẹ́ wá, ní wákàtí tó dákẹ́ gan-an. Ìyẹn ni pé ilé Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú tí ó ń fi sínú kókó tẹ́lẹ̀ ń fa ọwọ́ kan sẹ́yìn kí èkejì lè kọjá, òun ló ń lé àléébù náà sá. Ṣùgbọ́n ó lè ṣe òdìkejì rẹ̀: ó lè fi ìsinmi díẹ̀ sí àárín kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, kí ọwọ́ mí kanlẹ̀ kó tó nà sí èyí tó kù. Bí àwọn ìyá bá pe ara wọn nígbà náà, kò sí bí ọwọ́ méjèèjì kò ṣe ní há. Yóò wá dẹ tàkúté kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí yóò sọ kọ́kọ́rọ́ tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan dì mú. Bí tàkúté bá mú un, ó parí. Bí kókó bá há kí tàkúté tó sọ̀rọ̀, iná pupa kẹta á tàn, Gbénilọ á dé, Ìbídùn ni yóò sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé àwọn ìyá náà kúrò nílé.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Kẹ́hìndé, kò fi èyí tó ń dẹ́rù bani pamọ́. Kẹ́hìndé ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, ohun tí wọ́n bá wí ni abẹ gé. Ìbídùn wa ọkọ̀ sọdá. Táyé, tí ohùn rẹ̀ le ju ti èkejì lọ, fetí sílẹ̀ títí, ó sì béèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n òun wí. Ìbídùn ní wọ́n ní ohun tí ẹ̀yin bá wí ni. Táyé ní ìyẹn kò ṣeé ṣe, àbúrò kì í ṣíwájú ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó tóbi tó báyìí. Ìbídùn tún wa ọkọ̀ padà, ó tún wà á lọ, apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó sì ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí ọwọ́ méjì inú kókó ṣe ń há gan-an nìyí. Níkẹyìn ó jókòó sílẹ̀ níwájú Táyé, ó sì sọ pé agbára òun ti pin.

Táyé wo òdìkejì omi, níbi tí ẹnì kan ti dúró lójú fèrèsé tó ń wò wọ́n.

"Ṣe é, ọmọ mi. Bó bá jẹ́ pé Òkè la máa lọ, torí pé a kí ara wa la fi lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Kí fèrè òwúrọ̀ tó dún lọ́jọ́ kejì, Ìbídùn ti dẹ tàkúté rẹ̀ tán. Kẹ́hìndé ti wẹ̀, ó wé gèlè funfun, ó fi ìka lé ẹ̀rọ. Kò di ẹrù kankan. Fèrè dún lórí omi, ìka rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ kí ìró náà tó tán.

Iná àpótí dúró. Ilé dákẹ́. Lókè ilẹ̀kùn, iná pupa kẹta tàn, ní òdìkejì omi, ti Táyé náà sì tàn. Láti apá èbúté ni wọ́n ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì Gbénilọ, tó rẹlẹ̀, tó sì ń bọ̀.

Ìbídùn tẹ bọ́tìnnì pé kí ẹ̀rọ jí. Ẹ̀rọ ò yára. Ìbídùn tún un tẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi, ó sì ń kábàámọ̀ pé òun kò gba ìmọ̀ràn ọ̀gá òun. Kẹ́hìndé wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e léjìká, bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ tó ń sùn. Ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé. Táyé ti yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, ó ń ju ìborùn rẹ̀ sókè sódò. Gbénilọ yọ láàárín wọn, ó ga, ó sì dúdú, ó bo Táyé mọ́lẹ̀. Apá irin rẹ̀ nà jáde, ó sì di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kẹ́hìndé mú. Ilé mì.

Ẹ̀rọ jí. Ìbídùn ṣí tàkúté, ọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀:

Ọwọ́ tó ń peni di kọ́kọ́rọ́ Táyé mú, ó ń dúró de ti Kẹ́hìndé. Ọwọ́ tó ń gbani di kọ́kọ́rọ́ Kẹ́hìndé mú, ó ń dúró de ti Táyé.

Ó fi ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀, kò dúró tún un kà. Ilé ti ń fà, okùn ti ń ké. Lẹ́yìn náà apá irin náà dúró. Ó wà bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó tú òpó sílẹ̀, Gbénilọ sì yí padà sí èbúté gẹ́gẹ́ bó ṣe wá. Àwọn iná pupa òkè ilẹ̀kùn kú. Ìbídùn gbórí lé itan ìyá àgbà náà, ó sì sunkún dáadáa. Kẹ́hìndé jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

Àtúnṣe tó kù kò ju ìlà kan lọ: kí apá méjèèjì tẹ̀lé òfin kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ ìbejì. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣọ̀kàn ní èyíkéyìí tó bá mú dára, kókó kò bìkítà. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé fa Ìbídùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́, kó fi Táyé ṣe ẹ̀gbọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Táyé fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí i, ó ní kó má gbàgbé pé Kẹ́hìndé ni àgbà. Ìbídùn jẹ ẹja náà. Ó kọ ohun tó kọ, ó rán an lọ sínú gbogbo ilé tó wà nílùú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó wà lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé nígbà tí fèrè dún.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni ohùn méjì wí pọ̀, ọ̀kan nínú yàrá, èkejì láti òdìkejì omi. Iná àpótí ń ṣẹ́jú lọ. Kẹ́hìndé ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú eékún tó ń dùn ún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń gbọ́ tí ẹnì kejì náà ń kérora dìde lórí ìkúnlẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n bi ara wọn bí oorun ti rí. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ata, nípa ẹsẹ̀, nípa ọmọ kan tí kò kọ̀wé sílé.

Nígbà tí wọ́n parí, Kẹ́hìndé fi ọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ, ó sì yíjú sí Ìbídùn.

"Ìwọ tí o mọ inú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ kí wọn, àbí?"

Kókó mọ ẹni tó kọ́kọ́ kíni, Ìbídùn náà sì lè wò ó bó bá fẹ́. Kò wò ó.

"Ẹ̀yin ni, mà," ló wí.

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó sì wà á sọdá lọ sọ́dọ̀ Táyé, tó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń dúró dè é láti béèrè ìbéèrè kan náà, tí yóò sì gba ìdáhùn kan náà.